Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Màmá Mi

Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú wa mú nǹkan kan wá fún ìwé ẹgbẹ́ wa ti sáà yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á kọ nípa ìfẹ́, àwọn tó kù á kọ nípa olùkọ́ tó fún wọn ní F. Èmi ní tèmi, táyà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Táyà, rìímù àti sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kà á dópin, ẹ ó rí i pé ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, F náà sì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo gba F ọ̀hún.

Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Òkè-Ògùn ló ti ń rà á, pàápàá Kìṣí àti Ìgbòho. Ọkọ̀ Hilux kan la fi ń kó o, tòkunbọ̀, ọ̀kan nínú irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2004. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wà á. Láti Kìṣí, wọ́n á gba Ìgbòho, wọ́n á gba Àgọ́-Àrẹ, wọ́n á já sí Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n tó wá dé Mọníyà. Títì ọlọ́dà ló pọ̀ jù nínú ìrìn náà, bó tilẹ̀ ní kòtò. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn abúlé tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́ gan-an. Ibi tí ọ̀dà bá parí sí, ilẹ̀ pupa ló kù. Lójò, ẹrẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ á gan, á wá rí bí ìgbà tí èèyàn kọ ebè kéékèèké dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, a wà ní ìsinmi ránpẹ́. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti jẹ tán, wáyà inú rẹ̀ ti ń yọjú. Màmá mi ka ₦60,000 lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun lọ ra tòkunbọ̀ tó dúró dáadáa, nítorí ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Ra èyí tó dáa."

Mo dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan. Ó gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ₦58,000, ara rẹ̀ ṣá, eruku bò ó. Ìkejì jẹ́ ₦45,000, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ojú ihò ara rẹ̀ sì jìn. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ìka mi rì. Mo ní èyí tó dán yìí ni. Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n ju ọlọ́jà lọ. Mo dé ilé, mi ò sọ fún màmá mi pé ṣẹ́ńjì kù. ₦15,000 gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi àjẹyó ẹgbẹ́ wa ní sáà yẹn, ṣé ẹ rántí bàtà pupa gogoro tí mo wọ̀, tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ibẹ̀ ni owó náà lọ.

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ tan ìrẹ̀. Ìrẹ̀ ni mo tàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ti padà síbí, fóònù dún. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó, wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìṣẹ́yìn, àpò èlùbọ́ 16 wà lẹ́yìn ọkọ̀. Táyà tí mo rà bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìró rẹ̀ dà bí ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀rù bà á, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, èyí tí kò yẹ kéèyàn ṣe. Tí táyà bá bẹ́, ṣe ló yẹ kéèyàn di sítíárín mú ṣinṣin, kó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi rọ̀. Ọkọ̀ yí ìdí, ó fẹ̀gbẹ́ lu bèbè ọ̀nà. Rìímù tẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn ṣẹ́, èlùbọ́ fọ́n funfun sójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láìfara pa. Eegun èjìká ọ̀tún màmá mi ṣẹ́.

Ó ti jinná báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò lọ sókè kọjá etí mọ́. Màmá mi tí gbogbo ìsọ̀ èlùbọ́ mọ̀ mọ gèlè, kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀. Tí mo bá wà nílé, èmi ni mo ń bá a wé e. Màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá wé e, màá fà á le, mi ò sì ní í wo ojú rẹ̀ nínú dígí.

Nígbà tí mo délé lọ wò ó, mo gbé òkú táyà náà lọ sọ́dọ̀ bàbá fọgánáísà àdúgbò wa. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé ìṣó ló gún un.

Ó gbé e lé itan. "Ta ló ra èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọmọ mi, ṣé o kà á kí o tó rà á?"

"Kí ni kí n kà lára táyà, Bàbá?"

Ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ó tẹ̀ lé lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ títí dé ìparí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn: 3211. Ó ní méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ 32, ọdún 2011. Nígbà tí wọ́n ṣe táyà yẹn, pírámárì ni mo wà! Bàbá ní rọ́bà máa ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á gan, á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, ohun tó so ó mọ́ wáyà á máa tú. Ihò tó jìn tí mo ti ìka bọ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Kò sọ pé kò darúgbó. Dídán tó ń dán, nǹkan ni wọ́n fi pa á.

Bàbá tún ní kò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe kà á fún mi, torí ẹ̀yin náà á gun ọkọ̀ lọ sílé. Lára ìlẹ̀kùn Hilux wa, wọ́n kọ táyà tó yẹ ẹ́ síbẹ̀: 255/70R15C, 112/110. 255 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. 15 ni rìímù rẹ̀ ní íǹṣì. C tó wà lẹ́yìn sọ pé ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. 112 ò ní òun jẹ́ kílò 112 o. Nọ́ńbà àdéhùn ni, ó dúró fún kílò 1,120 tí táyà kan lè gbé. 110 wà fún ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò kàn wá.

Èyí tí mo rà ńkọ́? 255/70R15 náà ni. Ó wọ rìímù náà rẹ́gí, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura. Ṣùgbọ́n C ò sí níbẹ̀, 108 ló wà lára rẹ̀. 108 jẹ́ kílò 1,000. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí mo fi sílẹ̀ ní ₦58,000, mo rántí pé ọlọ́jà náà pariwo "C ni o, C ni o" tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mo rò pé ó ń polówó ni.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá, mo ṣírò. Ẹ̀ka Ìṣirò ni mo wà, ẹ mọ̀. Àpò èlùbọ́ wa kan jẹ́ kílò 80. 16 lọ́nà 80 jẹ́ 1,280, bẹ́ẹ̀ ẹrù tí irú Hilux yìí wà fún ò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Ká ní ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti tó kílò 700 kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,980. Pín in sí táyà ẹ̀yìn méjì, ó di 990. Táyà mi lè gbé 1,000. Ó ku kílò 10 péré, ìyẹn tí ẹrù ò bá fì sápá kan. Orí ìwé ni mo ti ṣírò yìí. Kòtò ò mọ ìṣirò. Kílò 1,000 yẹn gan-an, ìgbà tí táyà wà ní tuntun ni, tí afẹ́fẹ́ sì pé nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti arúgbó ọmọ ọdún 12 lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹta.

Mo wo bébà náà títí. Mo ti gba A nínú ìṣirò tó le ju èyí lọ.

Mi ò ní í bú ọlọ́jà náà. Ilé iṣẹ́ Michelin tó wà ní Port Harcourt ti ilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop tó wà n'Ìkẹjà ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní 2008. Igi rọ́bà ṣì wà nínú oko lápá Ẹdó, ṣùgbọ́n táyà tí a fi ń rìn, òkè òkun ló ti ń wá. Owó tuntun ga, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa máa ra ohun tí ẹlòmíì ti lò. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà yẹn gbé méjì síwájú mi. Èmi ni mo mú ọ̀kan.

Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, màmá mi pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó ní òun ti kó àjọ, a ó tún ọkọ̀ náà ṣe: táyà mẹ́rin, sípéà kan, rìímù, sípíríǹgì àti sọ́ọ̀kì. Ó ní òun ò ní owó tí òun á fi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní tirẹ̀ lọ́kàn. Ó mú fóònù jáde, ó fi fọ́tò kan hàn wá: Hilux nínú aṣálẹ̀, ó ga fíofío, táyà rẹ̀ rí wángun-wàngun, rìímù dúdú ń kọ mọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ wò ó. Èyí ò lè rì sẹ́rẹ̀ láéláé." Táyà 285/75R16 ló fẹ́, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹrẹ̀. Kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì fi irin mẹ́ta kún sípíríǹgì ẹ̀yìn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ná."

Ó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa táyà?"

Màmá mi ní, "Ó ti ra ọ̀kan rí."

Mi ò mọ̀ bóyá ó gbè mí ni tàbí ó bú mi. Mo mú bíró.

Táyà tó yẹ ọkọ̀ wa, láti orí dé ilẹ̀, jẹ́ mìlímítà 738. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jẹ́ 834. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 96, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀, 48, ni ọkọ̀ á fi ga sí i, torí àárín táyà ni ọkọ̀ ti ń gbéra. Nítorí mìlímítà 48 yìí, ojú aago á máa ní 80 nígbà tí ọkọ̀ ń sá ju 90 lọ. Jíà á wúwo fún ẹ́ńjìnnì lórí òkè. Bíréèkì á ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè dá táyà ńlá dúró. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, táyà á máa ha ara ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹrù á tún ga sí i, ohun tó bá sì ga ló ń tètè ṣubú. (Ẹni tó wọ bàtà gogoro jó rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Táyà ẹrẹ̀ ní tirẹ̀, kì í di títì ọlọ́dà mú dáadáa nígbà òjò, ariwo rẹ̀ pọ̀, ọ̀dà a sì tètè jẹ ẹ́. Àwa tí a ń rin ọ̀dà láti Ìgbòho dé Bódìjà, ṣé nítorí ìrìn abúlé díẹ̀ la ó ṣe máa fi bàtà oko rìn nígboro?

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó ní kí n mú bébà náà wá kí òun wò ó. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Ó dáa, sípíríǹgì ńkọ́?"

Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò mi. A jọ lọ sí Aràròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate, bàbá onísípíríǹgì kan jókòó tì wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní irin mẹ́ta ni kó fi kún un. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹrù èlùbọ́ lẹ fẹ́ kó, àbí ẹ fẹ́ kọ́ ilé sẹ́yìn ọkọ̀?"

Ó ṣàlàyé. Sípíríǹgì ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn yẹn, ló ń ru ẹrù. Sọ́ọ̀kì kì í ru nǹkan kan; iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú sípíríǹgì dákẹ́. Tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí o fi í sílẹ̀: tó bá gbéra lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, sọ́ọ̀kì wà láàyè, tó bá ń jó, ó ti kú. Tí irin bá pọ̀ jù, nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ sí Kìṣí lófìfo, ṣe ni á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ gígan. Táyà tó wà lókè afẹ́fẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú, bíréèkì ò sì ní nǹkan tó máa dá dúró. Bó bá sì kún fún ẹrù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí tó wọ̀ mí lára: "Irin mẹ́ta ò sọ táyà yín di alágbára, kò sọ bíréèkì yín di alágbára. Ọkọ̀ tó yẹ kó tẹ̀, kó lè sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀, ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́."

Irin kan ló fi kún un. Ó pààrọ̀ bọ́ṣì tó ti jẹ, ó fi sọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin sí i. Iwájú, a ò gbé e sókè rárá. Ó ní tí a bá gbé e, àwọn jọ́ńtì rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ ní wíwọ́, wọn ò ní í pẹ́ jẹ.

Rìímù ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wo àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń dán. Onírìímù fúnra rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn: aláńmọ́níọ̀mù fúyẹ́, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n tó bá gba kòtò kíkan, ó lè là. Irin á tẹ̀ ni, kódà ní abúlé ẹ á rí ẹni tó máa bá yín lù ú tọ́ débi tí ẹ ó fi délé. Èyí tó sì yọ síta jù á máa fìyà jẹ bẹ́ríǹgì. A mú rìímù onírin 15, oníhò mẹ́fà, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tún ní ká má lo nọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ tó wà nílé, torí ìdí nọ́ọ̀tì rìímù onírin rí ṣóńṣó, ti aláńmọ́níọ̀mù Toyota rí pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, á fi táyà sílẹ̀ lọ́nà.

Táyà tuntun márùn-ún la rà, 255/70R15C, 112/110, irú èyí tó ṣe é rìn lórí ọ̀dà tó sì ṣe é wọ oko. Mo tẹ̀ lórí orúnkún mi níwájú ìsọ̀, mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè. Gbogbo rẹ̀ parí sí 24. Àwọn ọmọ ìsọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Madam Mekáníìkì. Màmá mi san owó. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi lélẹ̀: àpò 12 ni ọkọ̀ òun á máa kó, kò gbọdọ̀ di 13. 12 lọ́nà 80 jẹ́ 960. Ó ti ṣírò tirẹ̀ láìmú bíró.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ máa lọ sí Kìṣí padà, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wé gèlè. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Mo ní, "Màmi, táyà ọjọ́sí, ₦45,000 ni mo rà á. Èyí tó dáa wà níbẹ̀ ní ₦58,000. Mo fi ìyókù ra bàtà."

Kò yí orí. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú gèlè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"₦15,000?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmi."

"Wàá dá a padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì sọ pé mi ò bínú. Mo ní wàá dá a padà." Ó wá gbé ojú sókè, a jọ rí ara wa nínú dígí. "Fa apá òsì yẹn le, ó ń tú."

Mo bá wọn lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, tí a fẹ́ dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi rọra fún iná. Màmá mi ní kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ní, "Ó lọ́ wọ́rọ́, kò gbóná." Ó ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tó ń kiri, a jẹ ẹ́, a ń lọ.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìsinmi ti ń bọ̀, ẹ ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Kí ẹ tó sanwó fún dẹ́rẹ́bà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lára táyà rẹ̀. Tó bá bínú, ẹ wọ ọkọ̀ míì.

Ní ti bàtà pupa, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 39, kó jọ̀ọ́ wá bá mi. ₦6,000 ló kù kí gbèsè màmá mi pé.